Ibùsùn Kẹrin

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun nìkan ló rò ó. Àwọn mẹ́ta ló jókòó ní pálọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsinmi kan, fáànù ń yí lókè orí wọn, wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wo àwòrán erékùṣù kan: omi tó mọ́ gaara, iyanrìn funfun, igi àgbọn tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Wọ́n ti fẹnu kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ àti ilé tí wọ́n máa wọ̀ sí. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ ẹnì kẹrin wọn.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa," Tíṣà wí. "Tí Aránṣọ bá bá wa lọ, ẹkún la máa lọ sun létí òkun."

Ẹlẹ́rìn-ín ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, débi pé àwọn èèyàn máa ń tò síwájú tiẹ̀ kódà bí iwájú ẹlòmíì bá ṣófo. Lọ́jọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo èékánná ara rẹ̀.

"Ẹ rántí ọjọ́ ìbí mi," ló wí.

Wọ́n rántí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni, ni ọkọ Ẹlẹ́rìn-ín bá fa àga fún ìyàwó rẹ̀ kó jókòó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ rí i, ló bá bú sẹ́kún, ó sunkún títí ọbẹ̀ fi dì. Ẹnikẹ́ni ò dá a lẹ́bi. Ọkọ tiẹ̀, awakọ̀ tó ń kó ẹrù, ló jáde nílé ní àlàáfíà, tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, tí wọ́n bá ti fẹ́ kóra jọ, olúkúlùkù á máa wo ojú Aránṣọ bí ẹni tó sá aṣọ ṣe ń wo ojú ọ̀run.

"Nọ́ọ̀sì, kí nìwọ wí?" Tíṣà bi í.

Nọ́ọ̀sì ni ìtàn yìí dá lé lórí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé àwọn ìyá máa ń dúró dè é kó tó gún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Ó fẹ́ sọ pé, "Ṣé ẹ ti gbàgbé pé Aránṣọ ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ erékùṣù yìí sílẹ̀?" Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, tí agogo bá ti lù, Aránṣọ á ní lọ́jọ́ kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á lọ síbi tí omi yí ká, tí agogo kankan ò ti ní lù. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n Nọ́ọ̀sì. Ó gbé e mì. Ó ti rẹ òun náà. Láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹkún ọmọ ló ń gbọ́, ó sì ń wá ibì kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sunkún, bó jẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ péré.

"Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ náà ni," ló wí.

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó délé ló tó mọ̀ pé ó wúwo.

Ohun tó tún wá mú un le ni pé aṣọ Nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ Aránṣọ. Ó ti gbé e fún un ṣáájú kí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tó délẹ̀. Nígbà tó lọ wọ̀ ọ́ wò, ó bá Aránṣọ nídìí ẹ̀rọ lẹ́bàá fèrèsé, téèpù lọ́rùn, píìnì lẹ́nu. Píìnì ò ní kí Aránṣọ má sọ̀rọ̀. Ibi tí kò sí píìnì lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà jáde.

"Dúró dáadáa," ló wí. "Má fa ikùn sínú. Ara ẹ lò ń tàn jẹ, èmi kọ́. Níbo lo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ?"

"Ìpàdé kan ni. Ibi iṣẹ́ ló ń rán wa. Ọjọ́ díẹ̀ ni."

"Ìpàdé! Wọ́n á kàn mú yín jókòó bí ẹrù, wọ́n á máa sọ ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ fún yín." Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń fi píìnì gún etí aṣọ náà sókè. "Jẹ́ kí n fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yẹ kó o ríbi ki pẹ́ẹ̀nì bọ̀."

"Má ṣe wàhálà, jàre."

"Wàhálà wo? Àpò lásán. Wò ó, ìdí ẹ ti ń fẹ̀ o. Àbí oúnjẹ àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn lò ń bá wọn jẹ?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ẹ̀rín àtọkànwá, tí píìnì fi ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ kúnlẹ̀ tí wọ́n ń ṣa píìnì nílẹ̀. Níbẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ti rí i kedere pé ohun tí Tíṣà sọ kì í tún ṣe òótọ́ mọ́, pé ojú ọ̀rẹ́ àwọn ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ààyè ṣì wà láti sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni:

"Ìgbà wo ni kí n wá mú un?"

Ká má purọ́, erékùṣù náà dùn. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọn débẹ̀, ńṣe ni Tíṣà, tí ohùn rẹ̀ lè mú kí odindi ilé ìwé pa lọ́lọ́, bọ́ bàtà sọ nù, tó ń lé alákàn kéékèèké káàkiri bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé. Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ omi wẹ̀, ló bá lọ jókòó síbi tí omi ò ti jìn, ó ń jẹ́ kí ìgbì máa tì í síwá sẹ́yìn, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń gba orí omi lọ jìnnà. Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ sínú àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ igi àgbọn méjì, ló bá sùn lọ. Nígbà tó jí, atẹ́gùn ló ń fẹ́, kò sí ọmọ tó ń ké, kò sí dókítà tó ń pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó rò pé bí ọ̀run bá rí báyìí, kò burú.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó gbàgbé. Yàrá ńlá tó kọjú sí omi ni Tíṣà gbà, ibùsùn mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀. Màmá tó ni ilé náà, àgbàlagbà obìnrin kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, ti tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó dé, ó ká táwẹ́ẹ̀lì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òdòdó pupa kọ̀ọ̀kan sórí ìrọ̀rí.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," màmá wí. "Ẹnì kẹrin yín ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Wọ́n wo ojú ara wọn.

"Kò ráyè wá, Mà," Ẹlẹ́rìn-ín wí.

Orí ibùsùn yẹn ni wọ́n kó báàgì wọn jù sí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n lọ wẹ̀, màmá á wọlé, á kó báàgì sílẹ̀, á tún ibùsùn náà tẹ́, á sì fi òdòdó tuntun lé e lórí. "Bóyá á ráyè lónìí," á wí, láìní èrò burúkú kankan nínú.

"Ẹ bá mi sọ fún màmá yìí kó fi bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ́rùn sílẹ̀!" Tíṣà kígbe lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òun náà ò lọ sọ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù dún. Nọ́ọ̀sì dúró létí omi, ó wọ aṣọ tuntun yẹn, fóònù sì wà nínú àpò tí Aránṣọ fi sí i. Ó yọ ọ́, ó rí ẹni tó ń pè, ó sì ń ronú bóyá kóun má gbé e. Ó gbé e.

"Nọ́ọ̀sì mi! Ìpàdé ńkọ́? Èjìká aṣọ yẹn ò fún ẹ ṣá?"

"Kò fún mi rárá. Ó bá mi mu gan-an. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín."

"Mo mọ̀! Ọwọ́ mi ni. Kí ló ń hó lẹ́yìn ẹ yẹn?"

Nọ́ọ̀sì wo òkun. Òkun ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. "Fáànù ni," ló wí. "Fáànù inú gbọ̀ngàn."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe, ó ti fẹ́ já lé yín lórí." Aránṣọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún Tíṣà. Mo mọ̀ pé mo ti sú yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Má dá mi lóhùn, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹni bá ń sunkún náà ṣì máa ń ríran. Mo ń rí i bẹ́ ẹ ṣe ń wo ara yín tí mo bá wọlé. Mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, tí mo bá jí, ara mi máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Mo tan rédíò lánàá, mo sì ń bá a kọrin. Ṣé o rántí erékùṣù tí mo máa ń yọ yín lẹ́nu lé lórí nílé ìwé? Mo ní ká lọ, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò ní sunkún níbẹ̀, mo ṣèlérí. Bá mi sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ í sọ."

Ìgbì kan dé, ó bo ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Màá bá wọn sọ ọ́," ló wí.

Nígbà tó sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì, abẹ́ igi ni wọ́n wà tí wọ́n ń mu omi àgbọn. Ẹlẹ́rìn-ín gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà ń mu tiẹ̀ nìṣó.

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?" Tíṣà wí. "Ká fọ òkun tá a ti wọ̀ kúrò lára?"

"Ó ní òun ò ní sunkún," Nọ́ọ̀sì wí. "Ó ń bẹ̀ wá, Tíṣà. Ó ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kóun tẹ̀ lé wa."

Nígbà tó yá, Ẹlẹ́rìn-ín gbórí sókè, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó sọ nù. "A lè tún wá! Ká tún bá a wá lọ́dún tó ń bọ̀, ká ṣe bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Kò ní mọ̀. Ká máa yanu, 'Ẹ wo omi! Ẹ wo iyanrìn!'"

"Ìyẹn ò burú," Tíṣà wí kíákíá. "Ìyẹn ò burú rárá."

Fún ìṣẹ́jú kan, Nọ́ọ̀sì náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó rí màmá onílé tó ń fẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré bọ̀, tó ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnì kẹrin yín ti wá ráyè!"

"Rárá," ló wí. "Tá a bá délé, màá sọ fún un."

"Tìrẹ nìkan ni kó o sọ, má fi tèmi kún un," Tíṣà wí, ó sì dìde. Ọkọ̀ kò ní í padà wá gbé wọn títí ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n lo ìyókù ìsinmi náà bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tí irun wà nínú rẹ̀.

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò yà sílé. Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ ló gbà lọ tààrà, tòun ti báàgì. Aránṣọ ń lọ aṣọ. Ó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn.

"Ha! Oòrùn wo ló wọnú gbọ̀ngàn ìpàdé? Wo bó o ṣe dúdú!"

"Kì í ṣe ìpàdé ni mo lọ."

"Níbo lo wá lọ?"

"Erékùṣù. Èmi àti Tíṣà àti Ẹlẹ́rìn-ín."

Aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀. Ó rọra gbé e, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn.

"Ọjọ́ tí mo pè ẹ́?"

"Ibẹ̀ ni mo wà."

"Fáànù yẹn?"

"Òkun ni."

Aránṣọ ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún. "Ta ló ní kẹ́ ẹ má pè mí?"

Orúkọ Tíṣà dé ètè Nọ́ọ̀sì. Ì bá rọrùn. "Kò sẹ́ni tó ní ká pè ẹ́," ló wí. "Èmi náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ní ohun tí wọ́n bá ti sọ náà ni."

"Nítorí ẹkún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ tí mo gbórí lé lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tá a sin ín."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀.

"Dìde," Aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Mi ò fẹ́ ká jà. Oníbàárà mi ń bọ̀ wá gba aṣọ yìí. Máa lọ sílé. Mi ò kàn fẹ́ rí ẹ lónìí ni."

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Nọ́ọ̀sì máa ń yà níbẹ̀ tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, Aránṣọ á dáhùn ìkíni rẹ̀, á béèrè ilé, á béèrè iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bi gbogbo oníbàárà, kò sì ní í gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìbá bú u, ìbá sàn. Lọ́jọ́ kan ní wọ́ọ̀dù, ìyá ọmọ kan di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú lẹ́yìn tó nu omijé ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì," obìnrin náà wí, "ẹ láàánú. Ẹkún ọmọ ò sú yín." Nọ́ọ̀sì ní kò tọ́pẹ́. Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó bándéèjì sí, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kò sì tètè jáde.

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ bẹ Aránṣọ. Tíṣà ní òun ò lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ tó ti rà, ẹ jẹ́ kó rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín àti Nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, Tíṣà ni wọ́n bá tó ti dúró síbẹ̀, tó ń wo aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Wọ́n wọlé. Tíṣà tó máa ń kọ́ ọmọ olọ́mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kúnlẹ̀, ó ń kálòlò.

"Látìgbà tí ọkọ ẹ ti kú," ló wí, "mo ń wá ọ̀rọ̀ kan tí màá sọ fún ẹ. Mi ò rí. Gbogbo ìgbà tó o bá ti ń sunkún, ó máa ń dà bíi pé ìdánwò ni wọ́n gbé síwájú mi, tí mi ò mọ nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń sá fún ẹ nìyẹn."

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" Aránṣọ wí. "Tíṣà, ta ló bi ẹ́ ní ìbéèrè? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kàn jókòó ni!"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó fi aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n jókòó: Ẹlẹ́rìn-ín lórí àpótí, Tíṣà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, Nọ́ọ̀sì lórí àga àwọn oníbàárà. Tíṣà la ẹnu láti sọ pé ó tó, Nọ́ọ̀sì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹkún náà pẹ́. Kò sẹ́ni tó wo aago, kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó parí, Aránṣọ fọn imú, ó wo aṣọ tó fi nu ojú, ó ní, "Ó ṣe, aṣọ oníbàárà mi nìyí," àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín náà ò pọ̀.

"Ká tún lọ," Ẹlẹ́rìn-ín wí, "àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Rárá," Aránṣọ wí. "Ibẹ̀ yẹn, ẹ ti lọ."

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dá, Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló pe Nọ́ọ̀sì. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fẹ́ lọ sinmi nílùú kan tó wà lórí òkè, níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù. "Mi ò pè yín o," ló wí. "Mo ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹ, kó o má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Òótọ́ ló kàn sọ. Ìyẹn gan-an ló dun Nọ́ọ̀sì jù, nítorí ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó láti sọ.

"Ṣé kí n bá ẹ gbé ẹrù dé ibùdókọ̀?" ló bi í.

Aránṣọ dá a lóhùn. "O lè bá mi gbé e."

Nọ́ọ̀sì gbé e. Báàgì náà wúwo, ó sì fi èjìká kan gbé e láti orí títì dé ìdí ọkọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dì í mú. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ti jókòó síwájú.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ ò bá wa lọ ni?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Wọn ò pè mí, Mà," Nọ́ọ̀sì wí.

Ẹ̀gbọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó sì fi ìka tún kọ́là aṣọ Nọ́ọ̀sì tó ká sínú ṣe.

"Tí mo bá dé, màá pè ẹ́," ló wí.

Ọkọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì dúró láàárín àwọn tó ń polówó omi tútù àti gúgúrú, títí tí kò fi rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mọ́, kó tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Aránṣọ dé lóòótọ́, Nọ́ọ̀sì sì gbọ́ pé ó ti dé. Ó gbé fóònù síwájú, ó ń retí. Kò pè lọ́sẹ̀ náà. Kò pè lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó wá pè, Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kan ń ké lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi apá kan gbé ọmọ náà mọ́ra, ó sì gbé fóònù sétí.